Ta ló fún NERC, àjọ tó ń bójú tó iná mọ̀nàmọ́ná, láṣẹ láti fi kún owó iná, ìgbà wo ló sì yẹ ká sọ tẹnu wa?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja dídì ni mò ń tà n'Íbàdàn, mo sì ní kóòdù rúùmù kan tí mo ń kó ọjà sí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí owó Band A, ti àwa tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí fún lójúmọ́, ti fò sókè, iná ló ń jẹ èrè mi. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ìgbà wo ni àwọn aṣòfin wa jókòó dìbò lórí owó yìí? Ta ló bi àwa tí a ń san án léèrè? Bí kò bá sí ẹni tó bi wá, ṣé ilé-ẹjọ́ kò lè fagi lé e ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o. Kí n kọ́kọ́ dá yín lóhùn ní ṣókí: kò sí ọjọ́ kankan tí àwọn aṣòfin dìbò lórí ₦225 fún yúníìtì kan. Ohun tí wọ́n dìbò lé lórí ni ẹni tí yóò máa pinnu irú owó bẹ́ẹ̀, àti ọ̀nà tó gbọ́dọ̀ gbà kó tó pinnu rẹ̀. Lórí ọ̀nà yẹn ni ẹjọ́ yòówù tí ẹ bá máa bá wọn ṣe dúró lé.

Apá 4 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 gbé iṣẹ́ òfin ṣíṣe lé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n sẹ́nétọ̀ kò lè máa jókòó ṣírò iye tí wọ́n ń ta gáàsì lóṣooṣù, tàbí kó máa wo oògùn kọ̀ọ̀kan tó wọ èbúté Apapa. Nítorí náà wọ́n á ṣe òfin ńlá kan, wọ́n á dá àjọ sílẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á wá ka àwọn nǹkan tí àjọ náà lè ṣe ìlànà lé lórí. Bí NERC ṣe dáyé nìyẹn. Òfin iná mọ̀nàmọ́ná ti ọdún 2005 ló dá a sílẹ̀. Òfin tuntun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 sì fi í sílẹ̀ lórí iṣẹ́. Kọmíṣánnà méje ló wà níbẹ̀. Ààrẹ ló ń yàn wọ́n, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ló ń fọwọ́ sí ìyànsípò wọn. Ọ̀nà kan náà ni NAFDAC, NCC (àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ fóònù) àti NBC (àjọ tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n) gbà dé.

Òwe wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àjọ ìjọba kò ní irú àǹfààní yẹn. Bí a ṣe rán an ni kó jẹ́ ẹ. Bó bá fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un, ilé-ẹjọ́ lè sọ ọ́ nù.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí NBC. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2019, wọ́n bu owó ìtanràn ₦500,000 lé ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n márùndínláàádọ́ta lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Pé òfin fún NBC láṣẹ láti kọ ìlànà fún àwọn tó ń gbóhùn sáfẹ́fẹ́, kò sí ẹni tó jiyàn ìyẹn. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú Adájọ́ James Omotosho nílé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábùjá, ó dájọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé NBC kì í ṣe ilé-ẹjọ́, kò sì ní agbára láti bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni. Ó fagi lé gbogbo rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n má ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ìlànà ṣíṣe lọ́tọ̀, ẹjọ́ dídá lọ́tọ̀.

Ti NCC ju ìyẹn lọ, owó tiwọn sì wọlé. Ìlànà tí wọ́n ṣe ní ọdún 2011 lórí ìforúkọsílẹ̀ káàdì SIM sọ pé ₦200,000 ni ìtanràn lórí líìnì kọ̀ọ̀kan tí wọn kò bá fi orúkọ ẹni tó ni ín sílẹ̀. Ní ọdún 2015, wọ́n ka líìnì bíi mílíọ̀nù 5.2 sí MTN lọ́rùn. Ẹ fi ₦200,000 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí i pé ó lé ní tírílíọ̀nù kan náírà. MTN gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́ pé àjọ kan ṣoṣo kò lè ṣòfin, kó fẹ̀sùn kàn, kó tún dájọ́. Ẹjọ́ yẹn ni ì bá là wá lóye, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́ kúrò nílé-ẹjọ́, wọ́n dúnàádúrà, wọ́n sì parí rẹ̀ sí ₦330 bílíọ̀nù ní oṣù kẹfà ọdún 2016. Ó dun èmi agbẹjọ́rò, torí pé adájọ́ kankan kò rí àyè sọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè yẹn.

Ká padà sórí owó iná yín. Nǹkan mẹ́ta ni ẹ kò gbọ́dọ̀ dà pọ̀. Òfin ni èyí tí àwọn aṣòfin ṣe, tí Ààrẹ sì buwọ́ lù. Ìlànà ni èyí tí NERC ṣe lábẹ́ òfin náà, tó kan gbogbo oníbàárà àti gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná, bí irú èyí tó sọ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ fún yín ní mítà tàbí bí wọ́n ṣe lè gé iná yín. Ẹ̀kẹta ni àṣẹ: ìwé tí NERC fi ń lo ìlànà náà lórí ọ̀rọ̀ kan pàtó ní àkókò kan pàtó. Àṣẹ ni ₦225 yẹn. Bó ṣe jáde ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024 gan-an ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí ló fà á tó fi dà bíi pé ọ̀run ló ti já lulẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀run ló ti wá o. Láti ọdún 2008 ni NERC ti ní ọ̀nà ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní MYTO. Wọ́n kọ àwọn ohun tó ń wọ inú ìṣirò náà sílẹ̀: iye gáàsì, iye náírà tí a ń ra dọ́là kan, bí ọjà ṣe ń wọ́n sí, ìwọ̀n iná tí wọ́n rí pèsè, àti owó tí ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fẹ́ ná sórí òpó àti wáyà. Bí ọ̀nà ìṣirò yìí bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ohun tó kù kò ju kí wọ́n máa fi nọ́ńbà tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín bí ẹ bá ṣì ní rìsíìtì ọdún 2024 lọ́wọ́. Ní oṣù kẹrin, ₦225 ni. Ní oṣù karùn-ún, náírà gbérí díẹ̀ sí dọ́là, owó Band A wálẹ̀ sí ₦206.80. Nígbà tó di oṣù keje, ó tún gòkè sí ₦209.50. Kò sí ẹni tó pe ìpàdé kankan ní gbogbo àkókò yẹn, kò sì sí òfin tó ní kí wọ́n pè é, nítorí ìṣirò lásán ni.

Ti oṣù kẹrin nìkan ló ju ìṣirò lọ. Kó tó di ìgbà yẹn, nǹkan bíi ₦68 ni ẹ ń san. Ìjọba ló ń fi owó ìrànwọ́ dí èyí tó kù. Ìjọba wá pinnu pé òun kò ní ṣe ìrànwọ́ fún àwọn Band A mọ́, ìyẹn nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún oníbàárà, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí fún lójúmọ́. Ìpinnu òṣèlú nìyẹn. Ìṣirò NERC ni wọ́n kàn fi wọ̀ ọ́ láṣọ.

Ẹ ó rántí pé àwọn ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin bínú sí i. Ní ìparí oṣù kẹrin yẹn, wọ́n fẹnu kò pé kí NERC dá owó tuntun náà dúró. NERC kò dá a dúró, kò sì sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀yájú ni NERC ṣe, àmọ́ ìfẹnukò ilé kan ṣoṣo kì í ṣe òfin. Bí àwọn aṣòfin bá fẹ́ gba àṣẹ tí wọ́n fún NERC padà lóòótọ́, ọ̀nà rẹ̀ ni kí ilé méjèèjì ṣe àtúnṣe òfin, kí Ààrẹ sì buwọ́ lù ú. Ìyókù, ariwo tẹlifíṣọ̀n ni.

Ìbéèrè yín kejì ló wúwo jù: ta ló bi yín? Òfin ọdún 2005, ní apá 76, pàṣẹ pé kí NERC tó fọwọ́ sí ọ̀nà ìṣirò owó iná, ó gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ nínú gásẹ́ẹ̀tì ìjọba àti nínú ìwé ìròyìn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà, kó sì fún aráàlú ní gbèdéke àkókò tí wọ́n fi lè kọ̀wé ta kò ó tàbí kí wọ́n dámọ̀ràn. Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n ní kí wọ́n kéde: ọ̀nà ìṣirò. Wọn kò sọ pé kí wọ́n kéde gbogbo iye owó tó bá ti inú rẹ̀ jáde. Ìgbà tí wọ́n bá ń gbé ọ̀nà ìṣirò kalẹ̀, tàbí tí wọ́n ń ṣe àtúnyẹ̀wò ńlá rẹ̀, ni ẹnu yín wúlò. Lọ́jọ́ tí iye tuntun bá bọ́ sí orí fóònù yín, ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Agbẹjọ́rò kan l'Ékòó fi apá 76 yìí bá NERC ṣe ẹjọ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2016, NERC fi nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó iná, nígbà tí ilé-ẹjọ́ ti ní kí wọ́n má tíì fi ohunkóhun kún un títí tí òun yóò fi gbọ́ ẹjọ́ tán. Ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 2016, Adájọ́ Mohammed Idris ti ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó dájọ́ pé àfikún náà kò bófin mu: NERC kò tẹ̀lé ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀, ó sì tún rú àṣẹ ilé-ẹjọ́. Adájọ́ náà kò sọ pé owó náà ti pọ̀ jù. Kò fi ẹnu kan iye rẹ̀ rárá. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ ló gbé yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé-ẹjọ́ ṣe máa ń ṣe nínú irú ẹjọ́ yìí. Bí ẹ bá lọ síwájú adájọ́ láti sọ pé ₦225 yóò pa òwò yín, yóò bá yín kẹ́dùn, yóò sì lé yín lọ. Bí ẹ bá lọ sọ pé wọn kò kéde rẹ̀ nígbà tí òfin ní kí wọ́n kéde, yóò gbé gíláàsì rẹ̀ wọ̀.

Mi ò ní tàn yín: NERC gba ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lọ, owó iná kò sì wálẹ̀ lọ́jọ́ kejì ìdájọ́.

Ìdí tó fi jẹ́ pé òfin iná nìkan ni mò ń tọ́ka sí ni pé Nàìjíríà kò ní òfin kan ṣoṣo tó de gbogbo àjọ lórí bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu aráàlú. Amẹ́ríkà ní tiwọn láti ọdún 1946: àjọ tó bá fẹ́ ṣe ìlànà gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ nínú ìwé ìjọba, kó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó sì ṣàlàyé ìdí tó fi ṣe ohun tó ṣe. Nílé wa, inú òfin tó dá àjọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ni ẹ ti máa wá a. Òfin tí NCC ń lò, ti ọdún 2003, ní kí wọ́n ṣe ìwádìí ní gbangba kí wọ́n tó ṣe ìlànà. Àwọn òfin mìíràn kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, àjọ wọn sì lè jí lówùúrọ̀ kan kó gbé ìlànà jáde. Èmi rí i bí àléébù ńlá, ó sì yà mí lẹ́nu pé ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò kì í pariwo rẹ̀.

Ṣé wọ́n bi yín kí ti 2024 tó jáde? Ní oṣù keje ọdún 2023, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná kọ̀wé sí NERC pé àwọn fẹ́ àtúnyẹ̀wò owó. NERC gbé ìkéde jáde, ó ní kí aráàlú mú ọ̀rọ̀ wọn wá, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ náà ní gbangba l'Ábùjá. Mo mọ̀ pé ẹ kò gbọ́. Ẹni tó ń ta ẹja n'Íbàdàn, ibo ló ti fẹ́ rí ìkéde Àbújá? Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá gbé àṣẹ 2024 lọ sílé-ẹjọ́ pé wọn kò bi aráàlú, fáìlì ọdún 2023 yẹn ni agbẹjọ́rò NERC yóò kọ́kọ́ nà jáde.

Nítorí náà, bí irú rẹ̀ bá tún dé, ẹ kọ̀wé. Ẹ má kọ pé “owó ti pọ̀ jù, ẹ ṣàánú wa.” Ẹgbẹ̀rún èèyàn ló máa kọ ìyẹn. Ẹ wọ inú ìṣirò náà lọ. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kò mọ̀: iná tó ṣòfò lójú wáyà, èyí tí wọ́n jí, àti èyí tí wọ́n lò tí wọn kò sanwó rẹ̀. NERC máa ń fi òdiwọ̀n lé e fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ká ní wọ́n gbà pé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lè ṣòfò, owó ìdá 20 yẹn á wọ inú owó tí ẹ̀yin tí ẹ ní mítà ń san. Èyí tó bá lé ló di ẹrù ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ wá rí i pé nínú owó kóòdù rúùmù yín, ẹ ń san lára owó iná ẹni tó fi wáyà kọ́ òpó lóru. Ẹ béèrè nínú ìwé yín pé kí ló dé tí òdiwọ̀n náà fi ga tó bẹ́ẹ̀, mélòó nínú mítà tí wọ́n ṣèlérí lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ti gbé sára ògiri? Ẹ fi rìsíìtì tì í. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja yín fọwọ́ sí i. Wọ́n lè má dá yín lóhùn, ṣùgbọ́n ìwé náà ti wọ fáìlì, fáìlì yẹn sì ni adájọ́ yóò béèrè fún bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́.

Ìyípadà kan tún wà tó kàn yín gan-an. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, wọ́n ṣe àtúnṣe ìwé òfin tó fún ìpínlẹ̀ láyè láti ṣe òfin iná tirẹ̀, àní níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ ti dé. Ìpínlẹ̀ tó bá ti ṣe òfin tó sì dá àjọ sílẹ̀, NERC á fa àkóso lé e lọ́wọ́. Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́ àti Èkó wà lára wọn. Nítorí náà, owó tí ẹ óò máa san lẹ́yìn ọ̀la, àjọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lẹ máa bá sọ ọ́, n'Íbàdàn níbẹ̀, ẹ kò ní láti wọkọ̀ lọ sí Àbújá. Kì í ṣe orúkọ lásán ni wọ́n yí padà. Ní Enugu, àjọ tiwọn yẹ ìṣirò ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná wò, ó sì gbé owó Band A wálẹ̀ láti nǹkan bíi ₦209 sí ₦160, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 2025. Àwọn ilé-iṣẹ́ iná figbe ta, NERC náà sọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tó bá jókòó ti ìṣirò náà lè rí ibi tó ti sanra.

Ní ti ilé-ẹjọ́, kí n sọ ọ́ kíákíá. Àjọ ìjọba àpapọ̀, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ni, lábẹ́ apá 251 ìwé òfin. Àjọ ìpínlẹ̀, ilé-ẹjọ́ gíga ti ìpínlẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré ni ẹ ní láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe ohun tí ẹ fẹ́ kí ilé-ẹjọ́ yẹ̀ wò. Ẹjọ́ lórí àṣẹ oṣù kẹrin ọdún 2024 ti kú lójú ìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀.

Ohun tó ṣì wà láàyè ni àǹfààní yín nínú àṣẹ yẹn fúnra rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná kò bá fún Band A ní ogún wákàtí fún ọjọ́ méjì léraléra, ó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ẹ̀yin oníbàárà kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Bó bá di ọjọ́ méje léraléra, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé wáyà yín wálẹ̀ sí Band tí iná tí ẹ rí gbà bá mu, kí owó náà sì wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ìwé kékeré kan kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, kí ọmọ iṣẹ́ yín máa kọ aago tí iná dé àti aago tó lọ. Bí ọjọ́ méje bá pé, ẹ ya fọ́tò ojú ewé náà, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àjọ ìpínlẹ̀.